Ajá Tó Máa Sọnù

“Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.” Bí ọmọ kan bá ti ń mu igbó lágbègbè wa, láti Kàbà títí dé Ìṣánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, òwe yìí làwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń pa. Wọ́n á pa á tán, wọ́n á mirí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀yin ará Òkun, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú òwe náà wò. Kí a tó lè sọ pé ajá kò gbọ́, ọdẹ gbọ́dọ̀ ti fọn fèrè, kí fèrè náà sì dún ketekete. Èwo làwa ń fọn sétí àwọn ọmọ wa?

Ẹ wo ibi òkú àgbà ní Ìyàrà tàbí Mọ̀pà. Ilẹ̀ ti ṣú, ìlù ń dún. Bàbá kan ti mu ògógóró débi tí kò mọ ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ sí mọ́. Àwọn ọmọ ilé gbé e jókòó, wọ́n bá a tún fìlà dé, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí bàbá gbádùn ara wọn.” Lẹ́yìn ilé kan náà, wọ́n gbóòórùn igbó lára ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lù ú, ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ bẹ ẹbí, ó sì ti di “ọmọ igbó” lẹ́nu gbogbo ìlú. Ìyẹn kì í kúrò lára bọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ fẹ́yàwó, wọ́n á tún hú u jáde.

N kò sọ pé igbó dára. Mo ti rí orí tó dàrú nítorí rẹ̀. Àmọ́ àwùjọ ló ń yan èyí tí yóò fi ṣẹ̀rín àti èyí tí yóò pè ní ẹ̀ṣẹ̀, yíyàn náà kì í sì í sábà wo bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ba ara jẹ́ tó. Ògógóró tí a fi ń tọrọ ìyàwó lónìí, èèwọ̀ ni lábẹ́ òfin ìjọba òyìnbó. Wọ́n ń ju àwọn tó ń pọn ọ́n sẹ́wọ̀n. Lọ́dún 1966, òfin ológun sọ pé ẹni tó bá gbin igbó lè kú sí i, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21. Nígbà tó di 1975, wọ́n yọ ìdájọ́ ikú kúrò. Ewé náà kò yí padà. Kódà, ìwádìí nípa lílo oògùn ní Nàìjíríà tó jẹ mọ́ ọdún 2018, tó sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn láàárín ọdún kan, kò ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti tramadol, oògùn tó ń pa ìrora. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ ebè iṣu nínú oòrùn, tàbí tó ń gun ọ̀kadà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ń gbé e mì kí ara má bàa ro ó. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún un mọ̀, ó sì ń yìn ín: “Ọmọ yìí lágbára!” Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó jalè, ọjọ́ yẹn la tó rántí pé oògùn olóró burú.

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ọmọ tí ìtìjú bá ti bò mọ́lẹ̀ yóò wọgbó lọ lò ó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní sí bí gìrì bá mú un. Ẹ pè é jókòó. Ẹ bi í pé kí ló ń lò ó fún, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, mélòó ló ń gbé mì lójúmọ́. Ẹ má tì í mọ́lé pé kó jáwọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tramadol tó bá ti mọ́ni lára, bí a bá já a gbà lójijì, ara á máa ro ó, èébì á máa gbé e, kò ní rí oorun sùn. Ẹbí á sì ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń bá a jà. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á, àmọ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ.