Báńkì òkè òkun ò mọ ẹni tí ò jẹ gbèsè rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa níbí l'Ábújá, ní ìpàdé ẹgbẹ́, lórí WhatsApp, kódà nínú mọ́tò láti Kubwa lọ sí Wuse, ó sì ń dùn mí torí mo ti rí ibi tó ń gbé èèyàn lọ. Wọ́n á ní, "Èmi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ o, tí mo bá ti dé ọ̀hún, báńkì wọn á yẹ̀ mí wò, wọ́n á rí i pé ọwọ́ mi mọ́, wọ́n á fún mi ní mọ́gééjì, wọ́n á yá mi lówó tí mo fi máa ra ilé." Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan o, dókítà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ń gba sálárì láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà nínú wọn. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ tó mọ́ yẹn, lójú báńkì ọ̀hún, ìwé òfìfo ni, ẹni tí ìwé ẹ̀ bá sì ṣófo, wọn ò lè mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni àbí oníjìbìtì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì ni, apá Gwagwalada ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá kó tó lọ sí ìlú ọba ní 2021. Kò yáwó rí láyé ẹ̀, ìyá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí ìyá wa, òṣómàáló ni, ará Iléṣà, ó máa ń ta aṣọ láwìn kiri títí tó fi dé ilẹ̀ Haúsá níbí, ìyá wa sì máa ń ròyìn bí bàbá ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ ẹ́ lówó, tí ò ní dìde, tí ò ní jẹun, tí gbogbo àdúgbò á ti jáde wá máa wòran. Ìyá wa wá ní ọmọ òun kankan ò ní jẹ́ ẹni tí wọ́n máa lóṣòó dè. Nígbà tí àwọn ayánilówó orí fóònù wá dé, tí wọ́n ń fi tẹ́ẹ́sì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú fóònù ẹni tó jẹ gbèsè, wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè, ìyá wa kàn ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Mi ò lè bá a wí. Ìbẹ̀rù gbèsè tó wà lára wa, ó nídìí.

Torí náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ọ̀hún, tí báńkì tó ń gba sálárì ẹ̀ kọ lẹ́tà sí i pé ó lè gba krẹ́díìtì káàdì, èyí tí èèyàn fi ń ná owó báńkì kó tó san án padà, ó ya lẹ́tà náà ni. Yàrá kan ló háyà nínú ilé ẹlòmíì, orúkọ onílé ló wà lórí bíìlì iná àti omi. Fóònù ẹ̀, owó ló ń rà sórí ẹ̀ bíi ti ilé níbí. Gbogbo nǹkan, débíìtì káàdì, tó ń yọ owó ara ẹ̀ ní báńkì, ló fi ń rà á. Ó tọ́jú owó fún ọdún mẹ́ta gbáko, ó ní £22,000 nílẹ̀, ó wá lọ bá bírókà mọ́gééjì, ẹni tó ń báni wá báńkì tó máa yáni lówó ilé, ní 2024.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo wà lórí bákónì ilé wa ní Kubwa, wọ́n ti múná lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pariwo, ó pè mí lórí fídíò, ó sì yí fóònù síbi ojú kọ̀ǹpútà kí n lè rí ìwé ìtàn gbèsè ẹ̀ tí bírókà fi hàn án. Mo rí orúkọ ẹ̀, ọjọ́ ìbí ẹ̀, àdírẹ́sì kan ṣoṣo àti àkáǹtì báńkì ẹ̀. Ó parí. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ funfun báláú. Ó ní bírókà náà ò bú òun, kò sì sọ pé ìwé òun ò dáa, ó kàn ní kò sí nǹkan tí àwọn lè kà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá bú sẹ́kún lójú mi, ó ń sọ pé, "Ṣé torí mi ò jẹ gbèsè ni?" Ó ti gba steétímẹ́ǹtì ọdún mọ́kànlá láti báńkì wa níbí, ó gba lẹ́tà mánẹ́jà tó ní sítáǹpù, ó kó gbogbo ẹ̀ dání. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láti fi mọ ibi tí owó ti wá, àmọ́ kò fi ẹyọ póíǹtì kan kún skọ́ọ̀ ẹ̀, ìyẹn máàkì tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ní ìlú ọba, ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń kó ìwà èèyàn lórí owó jọ: Experian, Equifax àti TransUnion. Mẹ́ta yìí náà ló wà l'Amẹ́ríkà, ní Kánádà ó jẹ́ Equifax àti TransUnion. Báńkì, ilé iṣẹ́ fóònù, ẹni tó ta mọ́tò fún ẹ díẹ̀díẹ̀, àwọn ló ń ròyìn fún wọn lóṣooṣù pé lágbájá san, tàmẹ̀dù ò san. Àwa náà ní tiwa níbí, CRC wà, FirstCentral wà, òfin ẹ̀ sì ti wà láti 2017, àmọ́ ìròyìn ibẹ̀ kì í bá yín wọ bàálù. BVN yín, ilẹ̀ yìí ló mọ. Ẹ má sì rò pé torí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni o. Ará Amẹ́ríkà tí skọ́ọ̀ ẹ̀ lé ní 800, tó bá kó lọ sí London lónìí, òun náà máa bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ ni.

Ohun tó jọ ọ́ jù lọ́dọ̀ wa ni àjọ. Ẹni tó bá ti dájọ rí mọ̀ pé ẹni tuntun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ìparí ni wọ́n máa fi í sí. Ó lè jẹ́ díákónì, ó lè jẹ́ alájì, ó lè wọ agbádá wá sípàdé, ẹ ò ní gbé owó àkọ́kọ́ fún un. Kì í ṣe pé ẹ pè é lólè, ẹ ò tíì rí i tó san ni. Tó bá san ti January, tó san ti February, tó ń san kí wọ́n tó pè é, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní ẹ jẹ́ kó kó o lọ́dún tó ń bọ̀ nígbà tí ìyàwó ẹ̀ bá fẹ́ bímọ. Báńkì òyìnbó náà ń ṣàjọ ni, ṣùgbọ́n wọn ò lójú tí wọ́n fi ń woni, ìwé ni wọ́n ń kà.

Ẹ wo ti Amẹ́ríkà. Skọ́ọ̀ tí wọ́n ń pè ní FICO bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 850. Nínú 100, 35 ni ti pé ṣé ẹ ń san nígbà tó yẹ, 30 ni ti iye tí ẹ jẹ, 15 ni ti ìgbà tí ẹ ti wà lẹ́nu ẹ̀. Tí ẹ ò bá ní àkáǹtì gbèsè kan tó ti pé oṣù mẹ́fà, FICO ò tiẹ̀ ní gbé skọ́ọ̀ kankan jáde fún yín, kì í ṣe pé ó kéré o, kò ní sí rárá ni. Tí owó tí ẹ yẹ kí ẹ san bá sì kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún méje ló máa wà níbẹ̀, ní ìlú ọba ọdún mẹ́fà. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí ò san, ó bẹ́gi dínà egbèje.

Ìgbàgbọ́ kejì tó tún ń pa àwọn tó ti gba káàdì lára ni pé ó dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ kí gbèsè dúró, kó máa san owó èlé, kí skọ́ọ̀ tó lè gòkè. Irọ́ ni, irọ́ olówó ńlá. Ẹ san gbogbo ẹ̀ tán lóṣooṣù, ẹ ò ní san èlé kankan lórí ohun tí ẹ rà, wọ́n á sì ròyìn yín dáadáa. Tí káàdì bá ní kí ẹ ná £300, ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ jẹ kọjá nǹkan bíi £90 nígbàkigbà. Ẹ má sì ti káàdì náà pa lọ́jọ́ tí ẹ bá san tán bíi pé ẹ bọ́ lóko ẹrú, pípẹ́ tó pẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an ló ń ṣiṣẹ́ fún yín.

Ohun tí bírókà ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́kọ́ ṣe yà wá lẹ́nu jù: ó ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi tí mo wà lórí físà?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Commonwealth tó bá ń gbé ní ìlú ọba pẹ̀lú físà tó dúró lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò. Ìwé ìdìbò yẹn ni àwọn Experian fi ń mọ̀ pé lóòótọ́ lèèyàn ń gbé níbi tó ní òun ń gbé. Ọ̀fẹ́ ni, kò ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ lórí fóònù, ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ò sì ṣe é torí wọ́n rò pé ọmọ onílùú nìkan ló wà fún.

Lẹ́yìn ìyẹn ó gba káàdì kékeré, £300. Epo mọ́tò nìkan ló ń fi í rà, kò rà bàtà, kò rà aṣọ, ó sì ṣètò pé kí báńkì máa yọ gbogbo owó náà fúnra ẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù. Ó yí fóònù ẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń san lóṣooṣù lórúkọ ara ẹ̀. Kò lọ bá báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, torí gbogbo fọ́ọ̀mù gbèsè tí èèyàn bá kọ ló ń fi àpá sílẹ̀ nínú ìwé ẹ̀, tí àpá bá pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó dà bíi pé ebi ń pa èèyàn. Ó máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tí kì í fi àpá sílẹ̀. Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn náà, báńkì gbà fún un. Sálárì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gòkè o, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní owó lọ́wọ́, tí ẹ ní ẹ máa ra ilé lówó káàṣì, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ lè rà á, ọ̀pọ̀ ìlú ló gbà, àmọ́ lọ́yà tó ń bá yín ra ilé ní ìlú ọba máa bi yín pé níbo lowó ti wá, òfin ló ní kó béèrè. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ Gwarinpa lẹ tà, kí ìwé títà ẹ̀ wà, kí owó ẹ̀ gba inú báńkì, kó má jẹ́ pé ọwọ́ mẹ́rin ló kó o jọ fún yín lóru. Amẹ́ríkà náà, báńkì tó fẹ́ yá yín lówó máa ń fẹ́ rí oṣù méjì nínú àkáǹtì yín, owó ńlá tó bá kàn já bọ́ síbẹ̀ láìní àlàyé máa dá wàhálà sílẹ̀. Mọ́gééjì FHA, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe onídùúró fún, tó jẹ́ pé 3.5% lèèyàn lè kọ́kọ́ san, láti May 2025 wọn ò fún ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ lásán mọ́. Ní Kánádà, òfin tó ní kí àwọn àjèjì má ra ilé bẹ̀rẹ̀ ní January 2023, wọ́n sì ti sún un dé January 2027. Ẹni tó bá ti ní PR, ìwé tó ní kéèyàn máa gbébẹ̀ títí, ò sí nínú ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ kan náà ní àyè tiwọn, àmọ́ ẹni tó wà l'Ábújá tó ní òun fẹ́ ra fúláàtì sí Toronto, kó lọ ka òfin yẹn kó tó fi dọ́là kan sílẹ̀.

Ọmọ àǹtí wa kan tó ń gbé ní Lugbe ti gba PR, Winnipeg ló ń lọ. Ó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún un pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá débẹ̀ kó béèrè káàdì tí àwọn báńkì ibẹ̀ ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó má dúró dọdún mẹ́ta bíi ti ẹ̀gbọ́n wa. Ó wojú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé Màmá mọ̀ sí i?" Mo ní Màmá mọ̀. Ó pẹ́ ká tó ṣàlàyé fún un, àjọ la fi ṣàlàyé, ó sì yé e. Ní báyìí tó bá ti di ọjọ́ 28 oṣù, ìyá wa á pe ẹ̀gbọ́n mi láti Iléṣà, kó tiẹ̀ tó kí i, á ti bi í pé, "Ṣé wọ́n ti mú owó wọn?"