Ẹ fi ẹni tó pàtẹ́wọ́ sílẹ̀ jàre

Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́, torí bí mi ò bá sọ ọ́ oorun ò ní kùn mí. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ olórin wa máa ń kọ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí sáà kọ́ńsáàtì tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ti dé, ohun kan náà tí wọ́n ń sọ lọ́dọọdún ni wọ́n tún sọ: àwọn ọ̀dọ́ ò wá mọ́, orí ewú ló kún gbọ̀ngàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú ọmọ wá, ẹ mú ọmọ-ọmọ wá, ẹ mú ọmọ aládùúgbò wá. Hà! Ọ̀dọ́ ò wá kẹ̀? Ọ̀dọ́ wá, ojú mi ló ṣe, ẹ̀yin náà lẹ sì lé e.

Sáà tó kọjá ni. Ọmọkùnrin kan jókòó síwájú mi, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, òun nìkan ló dá wá, ó ti ka ìwé pùrógíráàmù yẹn látòkè délẹ̀ káwọn olórin tó jáde. Orin Haydn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kwátẹ́ẹ̀tì (orin tí èèyàn mẹ́rin ń ta: violin méjì, viola kan, àti cello, ìyẹn violin ńlá), Op. 33 nọ́ńbà 2 (Op. ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ ẹni tó kọ orin), ti ọdún 1781. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ẹ ṣe sùúrù. Àwọn mẹ́rin yẹn mọ iṣẹ́ o, ibi tí mo jókòó sí sún mọ́ wọn débi pé mò ń gbọ́ bí ẹni tó ń ta violin kìíní ṣe ń fa èémí símú kó tó mi orí sáwọn tó kù pé ó yá, torí kò kúkú sí olùdarí kankan tó máa júwọ́ sí wọn. Apá kìíní nínú mẹ́rin parí, ọmọ yìí bá pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àṣà gbọ̀ngàn wa ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́ àfi tí gbogbo apá bá tán. Kò pariwo, kò súfèé, àtẹ́wọ́ lásán ni. Ṣṣṣṣ! Láti ọ̀tún, láti òsì, láti ẹ̀yìn. Màmá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká ìwé pùrógíráàmù tiẹ̀, ó fi tọ́ ọ lápá, ó wá tú u, ó ń fi ìka hàn án níbi tí wọ́n kọ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tó ń ta cello rí gbogbo ẹ̀ látorí pèpéle, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà, àmọ́ ọmọ ò gbójú sókè mọ́. Ṣe ló ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan.

Ẹ wá wo èyí tó dùn mí jù. Kwátẹ́ẹ̀tì yìí gan-an, àwàdà ni Haydn fi parí ẹ̀! Lápá tó kẹ́yìn, orin á sáré dé ibi tó jọ pé ó ti tán, á dákẹ́. Á tún yọ gbólóhùn kan. Á dákẹ́. Á yọ òmíràn. Á wá dákẹ́ pẹ́ títí, ẹ ó ní ó parí lónìí, àfi kó tún ju gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kó sì tán síbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí bàbá yẹn fẹ́ ò ju pé kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ, kẹ́ ẹ wá bú sẹ́rìn-ín! Igba ọdún ti kọjá dáadáa lórí àwàdà yìí, kò sì sẹ́ni tó bá a ṣe é nínú gbọ̀ngàn wa, torí gbogbo wa ń bẹ̀rù màmá oníwèé. A jókòó gbagidi. Àwọn olórin gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta violin dúró lókè, wọ́n ń wò wá, àwa náà ń wò wọ́n. Àfìgbà tí wọ́n dìde lẹnì kan tó rántí pé a lọ́wọ́. Nígbà tá a fi padà wọlé lẹ́yìn ìsinmi, àga ọmọ yẹn ti ṣófo.

Ẹ wá ń kọ lẹ́tà. Ẹ̀ ń sunkún pé àlejò ò yà lọ́dọ̀ yín mọ́, ajá yín sì wà lẹ́nu géètì, ẹ ò so ó.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní àṣà ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Àṣà ta ni? Mozart fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà sí bàbá ẹ̀ láti Paris ní July 1778, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn pé bí symphony òun (orin ọ̀pọ̀ olórin) ṣe bú jáde ni wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, orin ò tíì parí o. Ẹ máa sọ pé symphony nìyẹn, chamber music, orin àwọn olórin díẹ̀ bíi tiwa yìí, yàtọ̀. Ó dáa. Ní March 21, 1826, ní Vienna, tí Schuppanzigh tó ń ta violin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́kọ́ ta kwátẹ́ẹ̀tì Op. 130 ti Beethoven fáráyé gbọ́, àwọn tó wá ní kí wọ́n tún apá méjì ta, apá àárín o, kì í ṣe ti ìparí! Ti Beethoven la sì ń sọ yìí, tí wọ́n wá ń fi ẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Schoenberg, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ orin ìgbàlódé, fòfin de àtẹ́wọ́ lóòótọ́ nínú ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Vienna lọ́dún 1918, àmọ́ tiẹ̀ nídìí, wọ́n ti jà níbi kọ́ńsáàtì tó darí lọ́dún 1913, ìyẹn ló fi ní kò sí àtẹ́wọ́, kò sì sí ariwo ẹ̀gàn. Ta ló ń jà nínú gbọ̀ngàn wa? Ikọ́ nìkan là ń hú.

Mo ti sọ ọ́ gbóná báyìí tán, mo wá ń ṣí ìwé sáà tuntun yẹn lọ, mo rí i pé quintet Schubert, orin èèyàn márùn-ún, ni wọ́n fẹ́ fi kádìí ẹ̀, oní-cello méjì yẹn, tó kọ lọ́dún 1828 tó kú, tí wọn ò tẹ̀ jáde títí di 1853. Apá kejì ẹ̀, níbi táwọn mẹ́ta àárín ti ń fa ohùn gígùn kan tí ò fẹ́ tán, tí cello kejì ń fi ìka já okùn nísàlẹ̀, tí violin kìíní ń dá sí i díẹ̀díẹ̀ lókè… ẹ jẹ́ n má purọ́ fún yín, bí ẹnì kan bá lọ pàtẹ́wọ́ gbàgbàgbà bí ìyẹn ṣe parí, inú á bí mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ ṣe ṣṣṣṣ. Beethoven náà nìyẹn, apá méje ló so pọ̀ nínú kwátẹ́ẹ̀tì Op. 131, kò fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àbí òun náà ti ń sá fún àtẹ́wọ́ nígbà yẹn ni?

Ta ló wá fẹ́ sọ fún ẹni tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ti Haydn yẹ, ti Schubert ò yẹ? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú pùrógíráàmù ni? Òun náà kúkú ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ lápá. Kí olórin fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ kó tó ta á? Àwọn kan ní tí olórin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, adùn orin ti lọ nìyẹn, mi ò sì tiẹ̀ lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ bá mi dá sí i.