Gígé Ọ̀rọ̀ Wọ́lẹ́ẹ̀tì Sí Mẹ́ta Kò Dáàbò Bo Owó Ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìkòròdú gbà pé bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá gé ọ̀rọ̀ 12 tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì bítíkọ́ìnì sí mẹ́ta, tí alága ní Sábó mú mẹ́rin, akápò ní Ìgbògbò mú mẹ́rin, akọ̀wé ní Èbúté mú ìyókù, owó ò lè jáde àfi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Inú ọ̀rọ̀ 2,048 ni wọ́n ti ń ṣa ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Bí ẹni méjì bá gbìmọ̀ pọ̀, mẹ́rin péré ló kù fún wọn láti wá, àmì àyẹ̀wò tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sì dín ohun tí wọ́n máa dán wò kù sí bíi tírílíọ̀nù 1.1. Ní 2020, John Cantrell, tó jẹ́ olùṣètò kọ̀ǹpútà, fi kọ̀ǹpútà tó háyà yẹ irú iye bẹ́ẹ̀ wò láàárín nǹkan bí wákàtí 30.

Pípín tó tọ́ ni èyí tí Adi Shamir, onímọ̀ nípa ìpàrokò, gbé jáde lọ́dún 1979: a lè ṣètò rẹ̀ kí ẹni méjì èyíkéyìí nínú mẹ́ta tó láti rí àṣírí náà. Ẹ jẹ́ ká ní 17 ni àṣírí. Ẹ ṣa nọ́ńbà kan láìrò ó tẹ́lẹ̀, bíi 5. Alága gba 17 + 5 = 22, akápò gba 17 + 10 = 27, akọ̀wé gba 17 + 15 = 32. Ẹni tó ní 22 nìkan ò mọ iye tí wọ́n fi kún un. Kí alága àti akápò pàdé: yọ 22 kúrò nínú 27, ó ku 5, yọ 5 kúrò nínú 22, 17 yọjú. Bí òjò bá ba ìwé ẹnì kan jẹ́, ti àwọn méjì yòókù tó. (Nọ́ńbà tó gùn gan-an ni wọ́n ń lò níṣẹ́ gidi, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà ńlá kan pín in kí wọ́n tó kọ ìyókù sílẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ má baà tú àṣírí.)

Síbẹ̀ ewu ṣì wà lọ́jọ́ ìsanwó: bí ìpín bá pé jọ sórí fóònù kan, fáírọ́ọ̀sì inú fóònù náà á gbé odindi kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àṣírí tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí FROST, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń jọ buwọ́ lùwé, fi wà nìyẹn: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á fi ìpín tirẹ̀ ṣírò, á fi èsì nìkan ránṣẹ́, ìbuwọ́lù tó ń fàṣẹ sí ìsanwó á jáde láìjẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ pé jọ níbì kankan. Nọ́ńbà ìlò-ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ̀rọ fi ń buwọ́lù ló máa ń kó bá a. Bí ẹ bá dá ẹ̀rọ padà sí ẹ̀dà ìpamọ́ ti àná, tó wá fi nọ́ńbà kan náà buwọ́ lu ìsanwó mìíràn, ìpín yẹn ti tú.

Pípín ò sì gbà yín lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kúańtọ́ọ̀mù, irú kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè fọ́ kọ́kọ́rọ́ bítíkọ́ìnì. Èyí tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ò tíì sí, àmọ́ ọ̀nà ìṣirò tí Peter Shor gbé jáde ní 1994 ò nílò ìpín ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ gbangba, èyí tí gbogbo èèyàn lè rí, ló ti ń ṣírò ti ìkọ̀kọ̀ tó ń buwọ́ lu ìsanwó. Ìpín tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ lè dáàbò bò báyìí, torí olè lè gbà á sílẹ̀ lónìí kó tú u lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi ML-KEM-768, ọ̀nà ìpàrokò tí wọ́n ṣe láti kojú kọ̀ǹpútà kúańtọ́ọ̀mù, tí NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní August 2024, pa pọ̀ mọ́ X25519, ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ gbangba ML-KEM-768 jẹ́ báìtì 1,184, ti X25519 jẹ́ 32: áàpù tó fi àyè 32 nìkan sílẹ̀ ò ní lè gbà á.