Wọ́n ní kò sí ọmọ tó sọnù ní Chibok

Ní ọdún 2014, tábìlì fẹ́ńdọ̀ kan wà nítòsí ọ́fíìsì wa tí àwọn èèyàn máa ń pé lé lórí láràárọ̀ láti ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, ó na ìka sí àwòrán àwọn ọmọbìnrin tí Boko Haram jí kó nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Chibok, ní ìpínlẹ̀ Borno, tí wọ́n wọ híjáàbù, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi nínú fídíò tí Boko Haram gbé jáde. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ọmọ 276. Bọ́ọ̀sì elérò 18 mélòó ló máa kó wọn? Ó kéré tán, 16. Bọ́ọ̀sì 16 á tò tẹ̀lé ara wọn lóru, kò ní sí sójà kan tó máa rí i?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó yá, ẹnì kan láàárín wọn ní, "Bàbá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti di òótọ́ pọ́nńbélé ládùúgbò pé kò sí ọmọ kankan tó sọnù, pé òṣèlú ni.

Ọkùnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ìṣirò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìbéèrè rẹ̀ sì ní ìdáhùn. Lọ́rí ni wọ́n fi kó àwọn ọmọ náà, kì í ṣe bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Borno pa nítorí ààbò ní oṣù tó ṣáájú, ìdánwò WAEC ló kó àwọn ọmọ padà sí Chibok. Àwọn sójà tó wà nílùú náà kò pọ̀, àwọn tó wá bá wọn jà sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, sọ ní oṣù karùn-ún ọdún náà pé ìkìlọ̀ ti dé etí àwọn ọ̀gá ológun ní ohun tó lé ní wákàtí mẹ́rin kí àwọn agbébọn tó wọlé, síbẹ̀ ìrànwọ́ kò dé. Ìdáhùn wà. Àwọn tó yẹ kó sọ ọ́ fún tíṣà yìí ni kò sọ ọ́. Irọ́ ni wọ́n sọ fún un dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe lọ. Òru ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ni wọ́n kó àwọn ọmọ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, bọ́ǹbù ti dún ní gáréèjì Nyanya lẹ́bàá Àbújá, ó pa èèyàn tó lé ní 70. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ Goodluck Jonathan wà ní Kano níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ní ọjọ́ 16, agbẹnusọ àwọn ológun kéde pé wọ́n ti gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ó ku mẹ́jọ péré. Inú gbogbo wa dùn. Pirinsípà ilé ẹ̀kọ́ náà ló bọ́ síta, tó ní òun ò rí ọmọ kankan tí ológun gbà sílẹ̀, pé àwọn tó padà wálé, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi sá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ológun kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Mẹ́jọ péré yẹn ni ìyá gbogbo àhesọ tó tẹ̀lé e. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún lónìí pé ó ku mẹ́jọ, tí wọ́n sì tún sọ fún lọ́la pé ó lé ní igba, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rò ó pé bóyá òdo ni.

Wọn ò sì dáwọ́ dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, aya Ààrẹ, Patience Jonathan, pe ìpàdé sí Àbújá, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e jáde. Bí agbẹjọ́rò tó fẹ́ já irọ́ ẹlẹ́rìí ló ṣe ń da ìbéèrè bo àwọn òṣìṣẹ́ WAEC àti pirinsípà náà. "Na only you waka come?" Orílẹ̀-èdè fi gbólóhùn yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀, àwa náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín níbí. A kò fiyè sí i pé ìpàdé náà ti kọ́ aráàlú láti máa wo ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Alex Badeh tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ológun ní àwọn mọ ibi tí àwọn ọmọ náà wà. Ní oṣù kẹwàá, òun kan náà kéde pé àwọn ti bá Boko Haram dá ìjà dúró. Shekau, olórí Boko Haram, bọ́ sórí fídíò, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Shekau yìí kan náà ni ológun ti kéde ikú rẹ̀ léraléra, tó tún ń yọjú.

Ṣùgbọ́n irọ́ ìjọba nìkan kò tó láti mú èèyàn gba àhesọ gbọ́. Ohun kan wà nínú ọkàn tiwa náà tó ń pè é wọlé. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí ẹlẹ́rìí kankan nínú rẹ̀. Igbe lóru àná, òkú láàárọ̀ yìí, a ti so wọ́n pọ̀, a ti dájọ́. Tó bá jẹ́ ibà ló pa ọmọ náà ńkọ́? Ó ṣòro fún ìyá láti gbà pé ẹ̀fọn tí òun lè fi àtẹ́lẹwọ́ pa ló gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ẹ̀fọn kéré sí ọ̀fọ̀ náà. Àjẹ́ ló tó o.

Bó ṣe rí fún orílẹ̀-èdè nìyẹn. Ó ṣòro láti gbà pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun alùpùpù àti lọ́rí ló dójú ti ìjọba tó ń ná owó rẹpẹtẹ lórí ààbò lọ́dọọdún, nítorí pé ẹnì kan gbọ́ ìkìlọ̀, kò sì dìde. Ìwà àìbìkítà ti kéré jù. Ọkàn ń wá ọwọ́ ńlá tó fara pamọ́. Ibi tí ọkàn sì ti kọ́kọ́ máa ń wá ọwọ́ náà ni ara ẹni tó ti ń bá a ṣọ̀tá tẹ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ohun tó gbòde ni pé àwọn olóṣèlú àríwá ló ṣe é kí Jonathan má baà wọlé ní 2015. Ní àríwá, ọ̀rọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ yí padà: ní oṣù kẹrin kan náà, Murtala Nyako tó jẹ́ gómìnà Adamawa kọ̀wé sí àwọn gómìnà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ló ń pa àwọn ará àríwá ní ìpakúpa. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ọwọ́ abẹ́lẹ̀ méjì. A ò tíì gbọ́ àhesọ kan rí tó fi ẹ̀bi lé ọmọ bàbá ẹni tó ń sọ ọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá kò mórí bọ́. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, ọkùnrin 19 já bàálù mẹ́rin gbà, wọ́n pa èèyàn 2,977. Títí dòní, àwọn kan ń sọ pé ìjọba George Bush ló fi bọ́ǹbù wó ilé gogoro méjì World Trade Center, nítorí iná epo bàálù kò lè yọ́ irin. Òótọ́ ni, kò lè yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n irin ilé kò nílò kó yọ́ kó tó tẹ̀: tó bá ti gbóná dé nǹkan bí 600 lórí ìwọ̀n Celsius, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ bi alágbẹ̀dẹ yín. Kì í dúró di ìgbà tí irin bá di omi kó tó fi òòlù lù ú. Tó bá ti pọ́n, ó ti gbà. Ilé kẹta, alájà 47, tí bàálù kankan kò kọlù, wó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Iná tó jó o fún nǹkan bíi wákàtí méje ló wó o, ṣùgbọ́n ọdún 2008 ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó wádìí bí àwọn ilé náà ṣe wó, tó ṣàlàyé rẹ̀ dójú àmì. Láàárín ọdún méje yẹn, àhesọ ti kọ́lé, ó ti bímọ síbẹ̀. Ìjọba Bush kan náà ló tún sọ ní 2003 pé Iraq kó ohun ìjà olóró pamọ́. Wọ́n jagun wọ ibẹ̀, wọn kò bá a. Ẹni tí wọ́n ti tàn jẹ lórí èyí, báwo ló ṣe máa gbà wọ́n gbọ́ lórí ìyẹn?

Ibi tí Amẹ́ríkà ti yàtọ̀ sí wa ni pé ní oṣù keje ọdún 2004, ìgbìmọ̀ tó wádìí ìkọlù náà tẹ ìjábọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n ń tà á nílé ìtàwé, ẹnikẹ́ni lè rà á. Ìtìjú ìjọba wà nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 2001, wọ́n ti gbé ìwé síwájú Ààrẹ pé bin Laden ti pinnu láti kọlu Amẹ́ríkà nílé. Ìjábọ̀ náà kò pa gbogbo àhesọ, a kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ìwé kan lè ṣe é. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́ ní ibi tó ti máa kà á.

Ibo ni ti Chibok wà? Ìgbìmọ̀ tí Ajagunfẹ̀yìntì Ibrahim Sabo darí gbé ìjábọ̀ fún Ààrẹ Jonathan ní oṣù kẹfà ọdún 2014. Wọ́n ní ọmọ 276 ni wọ́n kó, 57 sá àsálà, ó ku 219. Iye yìí ni gbogbo ohun tí aráàlú rí nínú rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari ní kí wọ́n tún ìwádìí ṣe. A kò rí ìjábọ̀ ìyẹn náà kà.

A kò sọ pé kí èèyàn má fura. Ìfura loògùn àgbà. Nínú iṣẹ́ ìròyìn tí à ń ṣe yìí, bọ́ǹbù inú páálí ló pa Dele Giwa nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1986, ilé ẹjọ́ kankan kò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí rẹ̀. Ta ni yóò wá dúró níwájú ọmọ Nàìjíríà pé kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ láyé? Ṣùgbọ́n ẹni tó fura a máa béèrè, a sì máa dúró gbọ́ ìdáhùn. Ìfura ni ìbéèrè tíṣà wa nígbà tó béèrè iye bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a fi òwe ẹ̀fà àti èje dá a lóhùn, tí gbogbo wa túká lọ máa sọ ọ́ fún ará ilé, ó ti di nǹkan mìíràn.

Ó sì dé ibi tó ti pa èèyàn lára. Nígbà tí ọmọ 21 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, tí 82 míì tẹ̀lé wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn kan ṣì ń sọ pé ara wọn ti dán jù. Ọ̀kan nínú àwọn 21 náà sọ níbi ìsìn ìdúpẹ́ pé àwọn lo oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́wàá láì jẹun. Ọmọ tó la èyí já, tó wá débi ààbò, la tún ń bi pé níbo ló ti kọ́ eré ṣíṣe. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, ní 2024, àwọn tí kò tíì padà lé ní 80. Àwọn òbí kan ti kú láì fojú kan ọmọ wọn mọ́. Wọ́n ti gbọ́ kí wọ́n tó kú pé àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn ní wọn kò bí ọmọ tó sọnù.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa èèyàn tó lé ní 40, ọmọdé wà nínú wọn. Ká ní ẹnì kan jókòó sí Sokoto lónìí, tó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ màlúù ni wọ́n dà sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, pé àwọn Yorùbá ló ṣe é kí wọ́n lè rí ohun fi ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ọ kí inú rẹ̀ má ru. Ohun tí a ń ṣe sí Chibok láti 2014 gan-an nìyẹn.

Àwọn tó ń di gbohùngbohùn mú lórí rédíò, àwọn pásítọ̀ àti ààfáà tó ń fi Chibok ṣe àpẹẹrẹ irọ́ níwájú ìjọ, kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀, kí wọ́n sì padà sórí pẹpẹ kan náà láti tọrọ àforíjì. Àwa náà tọrọ tiwa, fún ẹ̀rín tí a rín.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lọ́rùn ìjọba. Wọ́n ṣì ń kà á bó ṣe wù wọ́n. Ní Kuriga, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní oṣù kẹta ọdún 2024, 287 ni iye ọmọ tí àwọn ará ìlú ní wọ́n jí gbé. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, 137 ni ológun kà. Àyè tó wà láàárín nọ́ḿbà méjèèjì gba àhesọ bí ọgọ́rùn-ún. Kí ìjọba má kéde iye mọ́ láì ní orúkọ lọ́wọ́, orúkọ tí wọ́n ti fi han òbí àti olùkọ́. Tí wọ́n bá ṣàṣìṣe, kí ẹni tó kéde rẹ̀ fúnra rẹ̀ padà wá sọ ọ́, kí pirinsípà kan má tún máa dá nìkan já irọ́ ológun. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ààbò gba àṣírí. Àṣírí kí ni ó kù nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chibok ní 2014? Shekau ti kú láti 2021. Àwọn ọ̀gá tó gbọ́ ìkìlọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ìjábọ̀ Sabo ti wà lọ́wọ́ ìjọba láti ìgbà Jonathan. Kí Ààrẹ Bola Tinubu tẹ ẹ̀ jáde, lódindi, pẹ̀lú èyí tí Buhari ní kí wọ́n ṣe, kí ọjọ́ 14 oṣù kẹrin tó ń bọ̀ tó pé.