Ọ̀dà ni mo lọ rà, àtè ni wọ́n tà fún mi

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ dákun ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta kí inú mi tó bẹ́. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ yàrá òkè ilé bàbá mi ní Kàbà, torí ilẹ̀ ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bíi pé wọ́n da oyin síbẹ̀. Oyin sì sàn, kì í rùn báyẹn.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, àwọn tí wọ́n fi pákó tẹ́ ilẹ̀ òkè ẹ̀, ìrókò gidi, wọ́n ti là á kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo ẹni tó bá ti gun òkè ibẹ̀ ló ń sọ pé kí n kàn lẹ táìlì mọ́ ọn. Táìlì! Lórí pákó tó ń mì bó o bá ti gbẹ́sẹ̀! Kó sán láàárín oṣù kan ká wá máa ṣa àfọ́kù kiri àbí? Mo ní rárá, màámi máa pé ọdún 80 lóṣù tó ń bọ̀, èrò ń bọ̀ láti Ìsánlú, láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, láti Lọ́kọ́jà, mo fẹ́ kí pákó yẹn pọ́n kó máa dán. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ mi o.

Mo bá gba ṣọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́dà lọ. Mo ra stéènì aláwọ̀ ọ̀gànwó, ìyẹn àwọ̀ tó máa ń wọnú pákó lọ, olóròóró ni. Mo wá bi ọ̀gá tó ń tajà pé kí ni mo máa fi bò ó lórí. Ó ní gbogbo ẹ̀ ló máa mú. Mo ní sáńdíǹ síílà tó ń dí ojú pákó ńkọ́? Ó máa mú. Láká tó ń mú un dán ńkọ́? Ó máa mú. Fánísì? "Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, gbogbo ẹ̀ ló máa mú." Ká ní mo bi í bóyá ọbẹ̀ ẹ̀gúsí máa mú, ó dá mi lójú pé á ní ó máa mú, á sì wọ̀n ọ́n fún mi ní gálọ́ọ̀nù.

Àwọ̀ tó wà lórí káàdì tó fi hàn mí gan-an, irọ́ ni. Pákó funfun ni wọ́n fi ya fọ́tò yẹn, ìrókò kì í ṣe funfun, ó ní àwọ̀ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí stéènì wọ ibẹ̀ ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọmọ tó bá mi kùn ún ńkọ́? Àga ló máa ń fín láká sí, ó mọ̀ ọ́n fín mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rìn lórí ẹ̀yìn àga? Ó kọ́kọ́ mú sáńpépà 320 tó kúnná gan-an, ó ha pákó títí ó fi ń dán bí orí apárí, mo wá ń yìn ín bí òmùgọ̀, mi ò mọ̀ pé pákó tó bá ti dán tó yẹn ò ní ibi tí àwọ̀ máa gbà wọlé mọ́, 100 tàbí 120 tí kò kúnná tó bẹ́ẹ̀ ti tó fún ilẹ̀. Ó fi stéènì sí i nírọ̀lẹ́, òjò rọ̀ mọ́jú, láàárọ̀ ó fi ìka kàn án, ó ní "bọ̀dá, ó ti gbẹ." Ó po síílà àti láká mọ́ tínà tó ń mú wọn ṣàn, ó fín in. Kí n tó lọ bomi mu kí n padà dé, gbogbo ẹ̀ ti hunjọ bí awọ tó máa ń wà lórí ògì tó ti tutù.

Òkè ẹ̀ ló gbẹ o! Inú ẹ̀ ṣì rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín tí iná ò tó. Tínà inú láká yẹn sì le, ó wọnú òróró tí ò tíì gbẹ lọ, ó wú u, ó fà á sókè. Kí ló wá dùn mí jù? Wọ́n kọ ọ́ sára agolo! Wákàtí 24 kí wọ́n tó fi nǹkan míì sí i, kó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá tutù. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí gan-an ni ọ̀gá ọlọ́jà lẹ bébà iye owó ẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fi èékánná họ ọ́ kúrò nígbà tí gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ tán.

Ẹ tún gbọ́ o, àkísà tí wọ́n fi nu stéènì, wọ́n wé e ní òkìtì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fọwọ́ kàn án, ó ń gbóná fúnra ẹ̀! Òróró yẹn tó bá ń gbẹ nínú òkìtì àkísà ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ilé bàbá mi ì bá ti jó nítorí pé mo fẹ́ kó dán. Ìta ni mo sá a sí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A ha gbogbo ẹ̀ kúrò, ẹ̀yìn mi ṣì ń ro mí dòní. Mo padà lọ bá ọ̀gá "ó máa mú." Ó gbé fánísì olóròóró kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane fún mi, ó ní ti ilẹ̀ ni èyí, ó le. Òótọ́ ni o, ti ilẹ̀ ni, láká yẹn ò tiẹ̀ yẹ kó débẹ̀ rárá. Àmọ́ kò sọ fún mi pé síílà tó tà fún mi lọ́jọ́sí, wọ́n ń fi nǹkan kan tó dà bí ọṣẹ sínú ẹ̀ kó lè rọrùn láti ha, zinc stearate, polyurethane kì í sì í fẹ́ dì mọ́ ọn. Kò sì sọ pé ìrókò ní nǹkan nínú ara ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí fánísì olóròóró gbẹ. Ẹ wá wo ìyà nígbà tí a kùn ún tán: ibi tí síílà ṣẹ́ kù sí, ó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, ibi tí a ti ha á dé pákó, kò gbẹ títí dòní.

Bàbá káfíńtà kan ládùúgbò ló wá gòkè wá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní nígbà tàwọn, ìrókò, tínà ni wọ́n á kọ́kọ́ fi nù ún, kí wọ́n tó fi ṣéláàkì, oje kan tí wọ́n fi ń kun pákó, tí wọ́n ti yọ ìda ẹ̀, pa á lẹ́ẹ̀kan, torí ìyẹn máa ń jókòó sáàárín àwọn tí ò bára wọn rẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀ olówó, wọ́n á ti gbìyànjú gbogbo ẹ̀ lára àjákù pákó, kó lo ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní bàbá, ibo lẹ wà láti ọjọ́ yìí? Wọ́n ní èmi ni mi ò pè àwọn.

Ọjọ́rú, màámi ní àwọn fẹ́ yọjú wo ohun tí mo ń náwó sí. Kí n tó kígbe, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ń lọ, bàtà dúró. Wọ́n wo bàtà, wọ́n wò mí. "Ṣé ẹyẹ ni mí ni, tóo fi dẹ àtè sílẹ̀ dè mí?"

Mo tún gba ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gbé agolo míì lé káńtà. "Ọ̀gá mi, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó máa mú." Mo ní kó ṣí i, kó fi kun káńtà ẹ̀ níṣojú mi, kí n jókòó tì í di ọ̀la. Ó ní ṣé orí mi pé.

Bàtà òsì màámi ṣì wà lókè níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.