Oṣù mẹ́fà kò sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp ní Òṣogbo pé ẹni tó bá fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ auxiliary, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ní kíníìkì aládàáni ti di nọ́ọ̀sì. Irọ́ ni o. Àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò ka ìwé-ẹ̀rí yẹn sí. Mo rí ọ̀kan ní Òkè-Fíà: páálí dídán, òǹtẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kankan lára rẹ̀. Aṣọ funfun tí àwọn auxiliary ń wọ̀ ló ń tan àwọn òbí jẹ, ká sọ tòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì, JCHEW wà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè onípò kékeré, ọdún 2 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. CHEW, tí ipò rẹ̀ ga ju ìyẹn lọ, ọdún 3. Iléṣà kò jìnnà, ibẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà.