Ẹ Gbọ́wọ́ Kúrò Lórí Fèrè Yẹn!

Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti onímọ́tò Òṣogbo, ta ló ṣẹ̀ yín gan-an? Gbogbo ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba ní Aṣúbíaró, fèrè, fèrè, fèrè! Ẹ dé iwájú ilé ìwòsàn UNIOSUN, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, bákan náà ni. Ibi tí aláìsàn ti ń wá oorun, tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti ń kàwé!

Èyí tó tún bí mi nínú jù lọ nìyí: áńbúláǹsì ń ké bọ̀ lẹ́yìn, kọ̀rọ̀pẹ́ kan dúró gbagidi sójú títì, awakọ̀ ń wá ṣéńjì fún èrò. Ìyá arúgbó tó di ìgò ìtọ̀ àyẹ̀wò mú ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kí ọlọ́kadà má baà gbá a. Kò kúkú tọrọ àforíjì, èébú ló fi kún un. (Ọlọ́kadà náà ò dé akoto o, kó tó di pé wọ́n gbé òun náà wọ ibẹ̀.)

Mo bá awakọ̀ yẹn wí. Ó ní ṣé òun lòun fi àìsàn ṣe wọ́n ni?